CONSORT fún ìwádìí eyín ọmọdé: ríbíù ẹni tó ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí eyín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe residency lọ́wọ́ tí dissertation ń lé kiri, ẹ wá ká sọ̀rọ̀ nípa CONSORT, ìlànà tó ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn kọ tó bá ń ròyìn ìwádìí ìtọ́jú, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa, ìgbà tí jónà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń gbé ìwádìí jáde sí, bá bèèrè fún un la máa ń sáré dáńlóòdù ẹ̀, a ó kọ nọ́ńbà páéjì sí i gìrìgìrì, a ó fi ránṣẹ́, ó parí. Nǹkan náà jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Èmi ń lò ó níbi journal club wa, ìpàdé tá a ti jọ máa ń ka ìwádìí, mo sì ń lò ó tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí n gba ìwádìí kan gbọ́ kí n tó lọ fi ohun tó sọ ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ríbíù ẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ ti fóònù, ibi tó dáa, ibi tó kù sí, àtẹni tó yẹ kó lò ó.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, chẹ́ẹ̀kìlíìsì ni, pẹ̀lú àwòrán kan tó ń fi hàn bí àwọn tó wọ inú ìwádìí ṣe ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀fẹ́ ni, owó dátà nìkan ló máa ná yín, ó wà lórí sáìtì EQUATOR Network, àwọn tó ń kó irú ìlànà báyìí jọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé tí ẹnì kan bá ṣe tíráyà, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké láti pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n lè mọ ìtọ́jú tó dáa jù, kí onítọ̀ún kọ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ sílẹ̀, kó má fi ìkankan bò. Àwọn wo ni wọ́n gbà wọlé, báwo ni wọ́n ṣe ṣẹ́ kèké, ta ló mọ ohun tí wọ́n fún ta, mélòó ló já kúrò lójú ọ̀nà, kí ló dé tí wọ́n fi já, ṣé ìtọ́jú náà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ta ló gbówó kalẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1993 àwọn kan ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ottawa ní Kánádà, àwọn mìíì náà ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó yá wọ́n pawọ́ pọ̀, ìyẹn ló bí èyí àkọ́kọ́ tó jáde nínú JAMA, jónà àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ní 1996. Wọ́n tún un ṣe ní 2001, wọ́n tún un ṣe ní 2010, ti 2010 yẹn ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa, nǹkan 25 ló wà nínú ẹ̀. Ti 2025 ló dé kẹ́yìn, ó ti di 30 báyìí.

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni, kó gbọ́ èyí. Ní 1995 Kenneth Schulz àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó tíráyà 250 jọ, ti oyún àti ìbímọ ni, wọ́n wá wò ó bóyá wọ́n fi kèké pamọ́ fẹ́ni tó ń gba aláìsàn wọlé, kó má baà mọ ìtọ́jú tó kàn. Níbi tí wọn ò ti fi kèké pamọ́ dáadáa, tí ẹ bá fi odds ratio, ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé ìtọ́jú méjì, wò ó, wọ́n ti bu 41% lé agbára ìtọ́jú yẹn. Níbi tí wọn ò tiẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n ṣe, tí wọ́n kàn dákẹ́, 30% ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ dídákẹ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kèké, àbájáde ẹ̀ sábà máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwa tá a wà nílé ìwòsàn la ó gbé àbájáde tó dùn yẹn wọ kílíníìkì.

Ní ti eyín ọmọdé, ọ̀rọ̀ wa ò dáa tó. Àwọn olùwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ eyín Eastman ní London yẹ àwọn tíráyà tó jáde nínú àwọn jónà eyín ọmọdé láti 1985 sí 2006 wò, CONSORT ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n, wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2009 nínú International Journal of Paediatric Dentistry, ohun tí wọ́n sì rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Lóòótọ́ ó ti pẹ́, nǹkan ti sàn díẹ̀ látìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé èyíkéyìí tí wọ́n bá fún yín ní journal club, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe fi kèké pamọ́, ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i.

Ibi kèké yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni CONSORT ti wúlò fún wa jù. Gbólóhùn tẹ́ ẹ máa ń bá pàdé ni pé "a pín àwọn ọmọ náà sọ́nà méjì láìṣojúsàájú", ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń tán sí. Kọ̀ǹpútà ló pín wọn ni àbí nọ́ńbà káàdì, àbí àwọn tó wá ní Monday gba ti tuntun, àwọn tó wá ní Thursday gba ti àtijọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ńbà káàdì ni wọ́n lò, èyí tó bá parí sí 2, 4, 6 gba ìtọ́jú tuntun. Dókítà rí ọmọ ọdún mẹ́rin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń ta ìyá ẹ̀ nípàá, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnu òun, lórí ìwọ̀n Frankl tí gbogbo wa fi ń wọn ìwà ọmọ lórí àga, 1 nìyẹn, kò ṣe é ṣe rárá. Dókítà wo káàdì, ó rí i pé ti tuntun ló kàn án, ó ní ìyá, ẹ máa mú un lọ ná, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì gba ọmọ tó tẹ̀ lé e, ọmọ jẹ́jẹ́ tó la ẹnu dáadáa. Kì í ṣe pé dókítà yẹn burú, ó rẹ̀ ẹ́ ni, èrò sì pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, gbogbo ọmọ tó ń jókòó jẹ́jẹ́ á ti bọ́ sápá ìtọ́jú tuntun, ẹ̀dùn eyín á dín kù lápá ibẹ̀, dídí eyín á dúró dáadáa, ìwé á jáde pé ti tuntun ló dáa jù. Ohun tí CONSORT ń bèèrè ò ju kẹ́ ẹ sọ fún wa bẹ́ ẹ ṣe ṣẹ́ kèké náà, ibi tẹ́ ẹ fi í pamọ́ sí, ẹni tó ṣẹ́ ẹ, àtẹni tó gba ọmọ wọlé. Àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọn ò lè rí inú ẹ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára ní ìtẹ̀léra, ìyẹn ti tó, kò di dandan kó jẹ́ ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Òmíì tó máa ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ eyín àti ọmọ. Wọ́n á ní eyín 100 ni wọ́n tọ́jú, ẹ ó kà á títí, ẹ ó wá rí i pé ọmọ 40 ni. Eyín mẹ́ta lẹ́nu ọmọ kan, súùtì kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, búrọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n fi ń fọ̀ wọ́n, itọ́ kan náà ló ń kàn wọ́n, tí ọ̀kan bá bàjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ìkejì náà bàjẹ́, a ò lè máa ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bíi pé ọmọ mẹ́ta tí kò mọra wọn rí ni. Àwọn míì á pín ẹnu ọmọ kan ṣoṣo sí méjì, apá òsì gba ti tuntun, apá ọ̀tún gba ti àtijọ́. Ó dáa níbì kan, kò dáa níbòmíì. Fún kíráwùn irin, ìyẹn ìdérí tí wọ́n fi ń bo eyín, kò burú, torí kíráwùn tó wà lápá òsì kò ní rìn lọ sápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi fluoride varnish, oògùn tí wọ́n ń kùn sí eyín kó má jẹrà, sápá kan tó ní apá kejì ni òun fi ń ṣe àfiwé, ṣé itọ́ ò ní gbé fluoride yẹn kiri ẹnu ni? CONSORT ní àfikún fún irú tíráyà bẹ́ẹ̀, jónà BMJ gbé e jáde ní 2017, ó ní kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi pín ẹnu sí méjì, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ìtọ́jú apá kan lè kan apá kejì. Ẹ gba ìyẹn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba CONSORT, torí nídìí eyín, èmi gbà pé bí àfikún yìí ò bá sí pẹ̀lú CONSORT, kò pé.

Àwòrán inú ẹ̀ wá ńkọ́. Ẹ̀yin èèyàn, tí kì í bá ṣe nǹkan míì, kẹ́ ẹ ṣáà máa wo àwòrán yẹn. Ẹ mú FiCTION, tíráyà ńlá tí wọ́n ṣe ní Scotland, England àti Wales, nílé ìtọ́jú eyín 72, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje tí eyín wọn ti ń jẹrà. Ọmọ 1,144 ni wọ́n ṣẹ́ kèké lé lórí, ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba gbígbẹ́ eyín àti dídí i bá a ṣe mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ìdènà, àwọn kan gba kí wọ́n sé ibi tó ti jẹrà mọ́ inú eyín pẹ̀lú ìdènà, àwọn kan gba ìdènà nìkan. Tẹ́ ẹ bá wo ìwé wọn, ẹ ó rí i pé 1,058 ló wá fún àyẹ̀wò kan ó kéré tán, ìyẹn ni pé 86 ò padà wá rárá, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Àbájáde ẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni pé àwọn tí eyín dùn tàbí tí eyín wọn kẹ̀ jẹ́ 42%, 40% àti 45%, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé dì mú láàárín wọn. Àbájáde yìí kò bá ọ̀pọ̀ dókítà lára mu, àwọn míì bá a jà gan-an, ṣùgbọ́n ìjà tó nítumọ̀ ni torí gbogbo nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi jà ni àwọn tó ṣe é ti kó kalẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé ètò ìwádìí náà jáde ní 2013, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ibi tó máa já sí.

Ẹ tún wo ti Hall technique, èyí tí wọ́n máa ń fi kíráwùn irin dé eyín ọmọdé mọ́lẹ̀ láìgbẹ́ ẹ, láìgún ọmọ lábẹ́rẹ́. Tíráyà tí wọ́n ṣe ní Tayside ní Scotland, dókítà 17, ọmọ 132, ó kọ́kọ́ jáde ní 2007. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ ti ọdún márùn-ún ní 2011, ọmọ 91 ló ṣì wà lójú wọn. Èyí tó bàjẹ́ púpọ̀ lápá Hall jẹ́ 3%, lápá kejì, níbi tí wọ́n ti dí eyín bá a ṣe mọ̀ ọ́n, 16.5%. Nídìí eyín ọmọdé, ibi tí àwọn ọmọ já sí yìí ló máa ń ṣòro jù láti kọ, torí kì í ṣe gbogbo èyí tó sọnù ló sọnù. Eyín ọmọdé máa ń já fúnra ẹ̀. Ọmọ tí ẹ tọ́jú eyín ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tó bá pé ọdún mọ́kànlá, eyín yẹn ti bọ́, eyín àgbà ti gba ipò ẹ̀, ṣé ìtọ́jú yẹn kùnà nìyẹn? Ó ṣàṣeyọrí gan-an ni. Àmọ́ tí wọn ò bá yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí ìyá ẹ̀ kó lọ sílùú míì, àti èyí tí eyín ẹ̀ wú tí wọ́n fi lọ yọ ọ́ níbòmíì, gbogbo ẹ̀ á wà pa pọ̀ lábẹ́ "kò padà wá", a ò sì ní mọ ohun tí a ń wò.

Ti ìfojúbò, ìyẹn kí àwọn kan má mọ ìtọ́jú tí wọ́n fún ta, mo fẹ́ràn bí CONSORT ṣe ṣe é. Kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Kíráwùn irin ń dán lẹ́nu ọmọ, ta lo fẹ́ bo ojú ẹ̀ tí kò ní rí i? Ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ sọ ẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀, ẹ pè é ní ojú abẹ níkòó. Bí ẹni tó ń yẹ eyín wò ò bá lè ṣaláìmọ̀, ẹni tó ń ka X-ray tàbí tó ń ṣírò nọ́ńbà lè ṣaláìmọ̀. Ìwé tó kàn kọ "double-blind", pé àwọn méjì ni kò mọ̀, gbàgàdà sí àkọlé láìsọ àwọn méjì tó ń wí, ẹ máa fura sí i.

Ó wá ku àwọn ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àkọ́kọ́, kì í wọn bí ìwádìí ṣe dáa tó, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ń wọ̀n, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ò purọ́ ẹ̀ fẹ́nikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwa la máa ń sọ ọ́ di máàkì, a ó ní "ìwé yìí gba 21 nínú 25". Kíkọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ sórí ìwé kò ní kí ọbẹ̀ náà dùn. Ẹnì kan lè sọ kedere pé nọ́ńbà káàdì lòun fi pín àwọn ọmọ, ó ti dáhùn ìbéèrè CONSORT, tíráyà ẹ̀ ò sì dáa síbẹ̀. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti jẹ́ ká mọ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ọmọdé ò pọ̀ nínú ẹ̀ tó. Kò sóhun tó bèèrè nípa bí ọmọ ṣe ṣe lórí àga, bóyá ìyá dì í mú, bóyá wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, bóyá ọmọ fúnra ẹ̀ gbà àbí òbí nìkan ló buwọ́ lùwé, eyín wo gan-an ni, ti àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ wá já àbí eyín àgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ eyín ọmọdé fi jókòó ṣe RAPID, ìlànà kíkọ ìwádìí fún eyín ọmọdé, tó jáde ní 2021 nínú BMC Oral Health, tiwa gan-an nìyẹn, ó pín ọ̀rọ̀ sí oríṣiríṣi apá, ti eyín jíjẹrà, ti iṣẹ́ inú ẹran eyín, ti eyín tó kán, ti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwà ọmọ lórí àga. Ó gùn, ẹ má ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, apá tó bá iṣẹ́ yín mu ni kẹ́ ẹ gbà. Tí mo bá ń kọ nǹkan, CONSORT ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, ó di ẹ̀yìn ẹ̀ kí n tó ṣí RAPID.

Ẹ̀kẹta, àfikún ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tẹ́ ẹ wá ṣẹ́ kèké lórí ilé ẹ̀kọ́ dípò ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí CariedAway ṣe ṣe nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní New York nígbà tí wọ́n ń fi silver diamine fluoride, oògùn tí wọ́n ń kùn sí eyín tó ń jẹrà, wé sealant, èyí tí wọ́n fi ń sé ojú eyín, àfikún míì lẹ máa lò, ti cluster, ìyẹn pípín ẹgbẹ́ dípò ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2012. Ti ìpalára náà wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á máa rò pé ìgbà wo lòun fẹ́ kà á tán. Ti 2025 ti kó díẹ̀ nínú wọn wọlé, ìyẹn dùn mọ́ mi, ó tún fi ọ̀rọ̀ dátà pípín àti ètò ìwádìí ṣíṣí sílẹ̀ kún un, ó sì ń bèèrè bóyá àwọn aláìsàn àti aráàlú ní ọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe gbé ìwádìí náà kalẹ̀. Fún tiwa, òbí nìyẹn. Ìyá tí wọ́n fi silver diamine fluoride sí eyín iwájú ọmọ ẹ̀ tí eyín wá dúdú bí èédú, ṣé wọ́n bi í kí tíráyà tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé èyí ò ní bí i nínú? Òun ló mọ ohun tó ń jẹ́ ìpalára lójú tiẹ̀, ẹni tó ń ka ihò inú eyín nìkan ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló bí mi nínú jù, àwọn jónà ń gba chẹ́ẹ̀kìlíìsì, wọn kì í kà á. Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí jọ yẹ̀ wò, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2012, tíráyà 16,604 ló wà nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kó jọ, wọ́n rí i pé jónà tó bá fọwọ́ sí CONSORT máa ń kọ nǹkan dáadáa ju èyí tí kò fọwọ́ sí i lọ, àmọ́ tí àwọn náà ò tíì tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá kọ "páéjì 4" síwájú ìbéèrè kèké, tí kò sí ọ̀rọ̀ kèké kankan ní páéjì 4, ó yẹ kí ìwé ẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Irú ẹ̀ ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní journal club, nínú ìwé tó ti jáde tán, tí àwọn èèyàn sì ti ń tọ́ka sí.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò sí nínú ẹ̀ tó ni.

Ta ló yẹ kó lò ó? Ẹ̀yin residents, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọ Part II, ìdánwò ìkẹyìn yín. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà yẹn, ẹ ó dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè pé mélòó lẹ yẹ̀ wò tẹ́ ò gbà wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀, torí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀ ní kílíníìkì, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ rí i mọ́. SPIRIT ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, òun ni ti ètò ìwádìí, òun àti CONSORT jọ ń lọ ni, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ tíráyà náà sílẹ̀ lórí Pan African Clinical Trials Registry, ìwé orúkọ tíráyà ilẹ̀ Áfíríkà, kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ wá tẹ àwòrán CONSORT síta lófìfo, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ máa fi bíírò kọ nọ́ńbà sí i lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ti ń gba ọmọ, èyí tí òbí ẹ̀ kọ̀, èyí tó dàgbà jù, èyí tí eyín ẹ̀ já. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń ṣe supervisor, ẹ bi wọ́n léèrè àwòrán yẹn ní ìpàdé oṣooṣù, kẹ́ ẹ tó bèèrè p-value, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo bóyá ìyàtọ̀ kan kì í ṣe èèṣì lásán.

Òbí tó ń ka èyí náà lè lò ó, kò nílò gbogbo nǹkan 30 inú ẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìwádìí ti fi hàn pé nǹkan kan dáa fún eyín ọmọ yín, ẹ bi í pé ọmọ mélòó, báwo ni wọ́n ṣe pín wọn, mélòó ni ò padà wá, ta ló sanwó. Dókítà tó ti ka ìwé náà lóòótọ́ á dá yín lóhùn.